Omi Ìwẹ̀ Ìyakọ Alágbàfọ̀

Iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin yìí ló sọ ọ́ lórúkọ. Alágbàfọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ilé ìwòsàn ńlá kan ló ti ń ṣiṣẹ́, ní yàrá ìsàlẹ̀ tí wọ́n ti ń fọ aṣọ tí àwọn aláìsàn ń sùn lé. Àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ ibẹ̀ ga ju ènìyàn lọ. Bí wọ́n bá ti tẹ bọ́tìnnì wọn, omi á ya wọ inú wọn, wọn á yí aṣọ po, wọn á tu omi ìdọ̀tí dànù, wọn á tún gba omíràn mu. Láti àárọ̀ títí di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, omi ni Alágbàfọ̀ ń rí, ìró omi ló ń gbọ́, inú omi ló ń fi bàtà rọ́bà tẹ̀. Ohun tó ń ká a lára ni pé bó bá délé, èyí tó máa fi bọ́jú lè má sí.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, òjò kọ̀, kò rọ̀. Adágún tí gbogbo ìlú ń mu fà sẹ́yìn títí tí ilẹ̀ etí rẹ̀ fi là bí ẹsẹ̀ tí kò rí ìpara. Àwọn tó ń bójú tó omi kéde pé omi ẹ̀rọ kò ní máa yọ lójoojúmọ́ mọ́, pé ọjọ́ tó bá yọ, kí kálukú gba èyí tó bá lè gbà. Táǹkì dúdú kan wà lẹ́yìnkùlé Alágbàfọ̀, lórí òpó tí ọkọ rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ, torí bíríkìlà ni ọkọ náà. Bí táǹkì yìí bá kún, ó yẹ kó gbé wọn dé ọjọ́ tí omi yóò tún yọ. Ó yẹ lóòótọ́. Ìgbà tí kò bá gbé wọn dé ibẹ̀, Alágbàfọ̀ ni yóò kó kẹ́ẹ̀gì lọ sí ẹ̀rọ gbogbogbòò tó wà ní ìkóríta, tí yóò tò sẹ́yìn àwọn tó ti ń bú ara wọn kó tó dé. Ọkọ rẹ̀ a máa ní òun yóò bá a pọn nínú rẹ̀, àmọ́ ibi tó ti ń kọ́lé jìn. Bó bá fi máa dé, wọ́n á ti ti ẹ̀rọ náà pa.

Alágbàfọ̀ kì í ṣe ahun, kò sì kórìíra ìmọ́tótó. Ẹni tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ àti oògùn kúrò lára aṣọ funfun, ta ni yóò tún kọ́ ọ ní ìmọ́tótó? Ohun tó mọ̀ ni pé ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ìdí nìyẹn tó fi ṣètò bí wọn yóò ṣe máa wẹ̀ nínú ilé rẹ̀. Ààbọ̀ garawa ni òun fúnra rẹ̀ fi ń wẹ̀. Á bu díẹ̀ sára, á fi ọṣẹ para láìjẹ́ pé ẹ̀kán omi kan ń dà, lẹ́yìn náà ni yóò wá ṣan ara rẹ̀. Inú ọpọ́n ike fífẹ̀ kan ló ń dúró sí, kí omi ọṣẹ náà má bàa ṣòfò. Òun ló ń dà sí tọ́yílẹ́ẹ̀tì. Ó tún ní kí ọkọ rẹ̀ fi sípánà fún ẹ̀rọ inú balùwẹ̀ le gan-an, kó má bàa máa kán tó-tó mọ́jú.

Bíríkìlà kọ́kọ́ ráhùn. Ó ní eruku sìmẹ́ńtì kì í ṣe àtíkè, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi omi díẹ̀ tọ́ lé. Nígbà tó yá, ó gba kámú, ó ń fi garawa wẹ̀. Àwọn ọmọ wọn ti dàgbà, kálukú ti lọ sí ibi tirẹ̀, àwọn méjèèjì ló kù nílé, ètò náà sì ti fẹ́ mọ́ wọn lára. Ìgbà náà ni ìyá ọkọ dé.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n Bíríkìlà, obìnrin kan tó ń ta bàtà, ni Ìyá àgbà ń gbé tẹ́lẹ̀. Òkè téńté ni ilé obìnrin náà wà, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì ti dá ẹsẹ̀ Ìyá àgbà lágara. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò jókòó, wọ́n ní ilé Bíríkìlà ló wà nílẹ̀ pẹrẹsẹ, kí Màmá lọ máa gbé níbẹ̀. Inú Alágbàfọ̀ dùn sí i. Òun àti ìyakọ rẹ̀ kì í ṣe ológbò àti eku. Aláwàdà obìnrin ni Ìyá àgbà, wọ́n sì nífẹ̀ẹ́ ìyàwó ọmọ wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣe alásè ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀, tí wọ́n ń gbé ìkòkò tí ọmọdé lè sá pamọ́ sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú ìmọ́tótó bí ẹní mú ẹ̀sìn. Wọn kì í jáde láàárọ̀ láì wẹ̀, wọn kì í sì wọlé sùn láì wẹ̀. Àtíkè kì í wọ́n lọ́rùn wọn.

Ìwẹ̀ yìí ló wá di wàhálà. Ìyá àgbà kì í fi garawa wẹ̀. Abẹ́ ṣáwà ni wọ́n ń dúró sí. Bí wọ́n bá ti wọlé tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn, omi á bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá ń jáde bọ̀ ló máa tó dákẹ́. Wọ́n ń fi ọṣẹ para, omi ń dà. Wọ́n ń fọ ẹsẹ̀, omi ń dà. Ìgbà mìíràn, èèyàn kò ní gbọ́ ìró kànrìnkàn rárá, omi á ṣáà máa dà ṣàà sílẹ̀, á máa gba ojú ihò lọ. Alágbàfọ̀ á wà ní ilé ìdáná tó fara ti balùwẹ̀, á dá ọ̀bẹ dúró lórí àlùbọ́sà, á máa gbọ́. Ó dà bí ẹni pé ara òun gan-an ni omi náà ń jò láti inú rẹ̀. Bí Ìyá àgbà bá ti wọ yàrá lọ, á jáde sí ẹ̀yìnkùlé, á máa fi ìka kan táǹkì láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, kó lè mọ ibi tí omi kù dé. Ojoojúmọ́ ni ibi tó ń dún bí òfìfo ń sọ̀ kalẹ̀ sí i.

Ta ni yóò wá sọ fún ìyakọ rẹ̀ pé ìwẹ̀ wọn ti pọ̀ jù? Ọ̀rọ̀ tí wọ́n á máa tún sọ lójú agbo ẹbí títí ọmọ á fi di arúgbó ni. Alágbàfọ̀ gbé e tọ ọkọ rẹ̀ lọ, ó fara balẹ̀ ṣàlàyé, ó mú un dé ìdí táǹkì kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́.

Bíríkìlà gbọn orí. “Ìyá tó bí mi ni kí n lọ dúró tì lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, kí n ní kí wọ́n ti omi?”

Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí Màmá gbádùn ara wọn, ọjọ́ mélòó ni àgbà ní lókè eèpẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó dára ni. Àmọ́ kì í ṣe orí ọkùnrin náà ni kẹ́ẹ̀gì ń gùn.

Alágbàfọ̀ wá rántí pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Ó pọn omi kún garawa láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé e sínú balùwẹ̀, ó fi ike ìbumi tuntun léfòó lójú rẹ̀, ó wá sọ fún Ìyá àgbà pé òun ti pọn omi sílẹ̀ fún wọn. Ìyá àgbà dúpẹ́ gan-an, wọ́n gbàdúrà fún un, wọ́n wọlé. Kò pẹ́ ni ṣáwà bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Nígbà tí wọ́n jáde, Alágbàfọ̀ sáré wọlé lọ wò ó: garawa kún dẹ́nu bó ṣe gbé e sí, ike sì ń léfòó lójú rẹ̀ bí ọkọ̀ tí kò ní èrò. Ní ọjọ́ kejì, ó se omi náà kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bóyá òtútù ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Omi náà tutù síbẹ̀ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Ó gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Ó ń sọ ìtàn obìnrin kan níbi iṣẹ́ wọn tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ dá lẹ́jọ́ nítorí pé ó fi omi fọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ìyá àgbà ní ìwà àpà gbáà ni. Ó sọ bí adágún ṣe gbẹ tí àwọn ènìyàn fi ń fẹsẹ̀ rìn níbi tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà tẹ́lẹ̀. Ìyá àgbà mi orí títí, wọ́n ní kí Ọlọ́run ṣàánú ayé. Bí wọ́n ṣe parí àdúrà náà, wọ́n mú táwẹ̀ẹ̀lì wọn nídìí àga, wọ́n bọ́ sí balùwẹ̀.

Alágbàfọ̀ dúró ní ilé ìdáná, ó fi àkísà nu ojú kan náà lórí tábìlì títí ó fi ń dán.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ́, ẹ̀rọ ìfọṣọ kan kọṣẹ́ nílé ìwòsàn. Ọwọ́ ni àwọn obìnrin náà fi ń fún aṣọ ibùsùn tó rin gbingbin, ẹni kan di orí kan mú, ẹnì kejì di orí kejì, wọ́n ń lọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣíwọ́, àtẹ́lẹwọ́ Alágbàfọ̀ ti bó, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti le bí pákó. Ohun kan ṣoṣo tó ń rò bọ̀ lójú ọ̀nà ni omi tí yóò dà sí ẹ̀yìn yẹn. Ó délé, ó ṣí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà húkọ́, ó tu itọ́ díẹ̀, ó dákẹ́. Omi tó yẹ kó gbé wọn dé òpin ọ̀sẹ̀ ti tán, àárín ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sì wà.

Ó kó kẹ́ẹ̀gì, ó gba ìkóríta lọ. Ìlà gùn, àwọn ènìyàn ń ti ara wọn. Ó kù díẹ̀ kó kàn án ni ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ náà fi kọ́kọ́rọ́ tì í, ó ní ó di ọ̀la. Àwọn kan ń bẹ̀ ẹ́, àwọn kan ń ṣépè. Alágbàfọ̀ kó kẹ́ẹ̀gì òfìfo rẹ̀, wọ́n ń gbá ara wọn gbà-gbà-gbà lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi délé. Ó bá ọkọ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé tó jókòó lórí bíríkì kan, gbogbo ara rẹ̀ funfun fún sìmẹ́ńtì, ó ń retí omi. Ibi tó ti wo ojú ọkùnrin náà ni gbogbo ohun tó ti ń gbé mì láti ìgbà yìí yọ sẹ́nu.

“Bí èèyàn bá fẹ́ máa wẹ̀ bí ẹja, kó lọ máa gbé inú odò,” ó ní. “Èmi kì í ṣe òjò. Mo ń pọn, ẹnì kan ń dà á nù. Ẹ̀yìn mi ti fẹ́ kán, kò sẹ́ni tó rí i nínú ilé yìí.”

Bíríkìlà ń ṣẹ́jú sí i. Ó ń fi àgbọ̀n tọ́ka sí ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí Alágbàfọ̀ yóò fi yíjú, fèrèsé yàrá Ìyá àgbà ṣí sílẹ̀ gbayawu, Ìyá àgbà sì dúró níbẹ̀, táwẹ̀ẹ̀lì wọn wà léjìká. Wọn kò bínú, ó kéré tán kò hàn lójú wọn. Wọ́n rọra fa fèrèsé náà pa dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá àgbà kò wẹ̀.

Wọ́n fi aṣọ tútù nu ojú àti ẹsẹ̀, wọ́n lo àtíkè wọn, wọ́n wá jókòó sídìí tíì. Alágbàfọ̀ kí wọn, wọ́n dáhùn dáadáa. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má bínú, pé àárẹ̀ ló sọ̀rọ̀ lánàá, kì í ṣe òun. Wọ́n ní, “Ẹ má ṣèyọnu rárá. Omi yín wà níbẹ̀, ẹ máa lò ó.”

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Láti ọjọ́ tí Alágbàfọ̀ ti wọ ìdílé náà, bí ìyá ṣe ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni Ìyá àgbà ń bá a sọ̀rọ̀: “o” ni, “ìwọ” ni. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni “ẹ” dé. Ó dùn ún ju kí wọ́n gbá a létí lọ.

Omi yọ. Táǹkì kún débi pé ó ń ṣàn lẹ́nu. Alágbàfọ̀ lọ sọ fún wọn pé omi ti dé, pé ṣáwà ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n wá wẹ̀ bó bá ṣe wù wọ́n kó pẹ́ tó. Wọ́n ní ẹ ṣeun, ẹ má ṣèyọnu. Ó gbé ọṣẹ tuntun fún wọn. Wọ́n ní ẹ ṣeun. Bíríkìlà wọlé lọ bẹ̀ wọ́n, ó jáde bí ọmọ tí wọ́n lé ní kíláàsì. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, aṣọ tútù náà ni, àtíkè náà ni, òórùn sì ti ń mú díẹ̀díẹ̀ nínú yàrá náà. Ẹni tó ń ṣọ́ omi kí wọ́n má bàa wẹ̀ púpọ̀ ló wá di ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jọ̀ọ́ wá wẹ̀. Ẹ̀rín ì bá pa Alágbàfọ̀ bó bá jẹ́ ilé ẹlòmíràn ló ti ṣẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ ìsinmi, ẹ̀gbọ́n ọkọ tó ń ta bàtà dé. Ó wọ yàrá ìyá rẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi jáde, imú rẹ̀ ti ká. Ó ní kí Alágbàfọ̀ wá jókòó. Kò pariwo, kò sì bú u. Ó kàn bi í léèrè pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ kan tó burú ju èébú lọ:

“Ìyàwó wa, ṣé omi ló wọ́n ni, àbí ìyá wa ló pọ̀ jù?”

Alágbàfọ̀ wo ọkọ rẹ̀. Bíríkìlà ń wo ilẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe fi sìmẹ́ńtì tẹ́ ẹ. Omi tán lẹ́yìn ẹja. Obìnrin náà tún ní nígbà tí Màmá wà lọ́dọ̀ òun, òun kò ṣọ́ wọn ní balùwẹ̀ rí. Ó ní bó bá jẹ́ ti omi nìkan ni, òun yóò rán ọkọ̀ tó ń kó omi wá, wọ́n á da omi kún gbogbo ilé títí kan ìkòkò ọbẹ̀. Alágbàfọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbà á gbọ́. Títí dòní olónìí, ọkọ̀ omi náà kò tíì rí ọ̀nà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí kò lọ síbi iṣẹ́ ni ojú rẹ̀ là sí ọ̀rọ̀ náà. Ó mú aṣọ ibùsùn mímọ́ lọ́wọ́, ó fẹ́ lọ pààrọ̀ ti yàrá Ìyá àgbà. Ó kan ìlẹ̀kùn, ó gbọ́ ohùn kan tí kò yé e, ó wọlé. Ìyá àgbà ni ó bá lórí bẹ́ẹ̀dì, bùláòsì wọn dì mọ́ wọn lórí. Ọwọ́ kan ti jáde lápá, èkejì há sínú aṣọ náà ní ẹ̀gbẹ́ àyà, kò lè lọ sókè, kò lè sọ̀ kalẹ̀. Aṣọ bo gbogbo ojú wọn.

Láti inú aṣọ náà ni wọ́n ti ń sọ pé kí ó jáde, pé àwọn á tú ara àwọn sílẹ̀. Alágbàfọ̀ kò jáde. Iṣẹ́ aṣọ ni iṣẹ́ rẹ̀, kò sí bí aṣọ ṣe lè dì tó tí kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ó fa apá aṣọ náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó yọ orí wọn jáde. Irun wọn dúró ṣánṣán, ojú wọn sì pọ́n. Ó fẹ́ gbé ọwọ́ tó há náà sókè kó lè wọ̀ ọ́ fún wọn. Nígbà tó gbé e dé ibi àyà, Ìyá àgbà fi eyín di ètè mú. Ibẹ̀ ni ọwọ́ náà ń dé, kò sì kọjá ibẹ̀.

Alágbàfọ̀ jókòó tì wọ́n. Ìyá àgbà ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

“Ìkòkò ilé ìwé yẹn ló jẹ ẹ́ tán,” wọ́n ní. “Èyí kò lọ sókè mọ́. Èkejì ń lọ, àmọ́ ìka rẹ̀ kò di nǹkan mú. Mo gbé ike omi lọ́jọ́ kejì tí mo dé, ó bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ mú un, mi ò lè dìde, ògiri ni mo fà. Mo wá ń dúró sábẹ́ ohun tí ń dà fúnra rẹ̀.”

“Ẹ̀rọ náà ńkọ́, Màmá? Ẹ lè máa tì í bí ẹ bá ń fi ọṣẹ para.”

“Ṣé o ti di ẹ̀rọ yẹn mú rí? Ó le bí orí ọkọ rẹ. Ìgbọ̀nwọ́ ni mo fi ń ṣí i, ìgbọ̀nwọ́ ni mo fi ń tì í. Bí mo bá ti ṣí i, mo ti ṣí i nìyẹn. Bó bá kù kí n tì í, mò ń sinmi kí n tó tì í.”

Alágbàfọ̀ rántí sípánà ọjọ́ yẹn. Òun ló ní kí wọ́n fún ẹ̀rọ náà le. Òun ló dúró ti ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, tó ń sọ pé kó tún fún un sí i, kó tún fún un sí i. Nítorí kí omi má bàa kán tó-tó, ó ti jẹ́ kó máa dà bí odò.

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?”

“Kí n sọ pé kí ni?” Ìyá àgbà wo ọwọ́ wọn tó wà lórí itan bí ohun tí ẹlòmíràn gbàgbé síbẹ̀. “Pé kí o wá máa wẹ̀ mí bí ọmọ ọwọ́? Ìwọ tó ń fọ aṣọ aláìsàn láti àárọ̀, kí o tún délé wá fọ aláìsàn?”

“O” ti padà dé. Alágbàfọ̀ gbọ́ ọ, ọkàn rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀. Àmọ́ kí n má purọ́ fún yín, kì í ṣe àánú nìkan ló wà nínú rẹ̀. Inú tún ń bí i. Gbogbo omi yẹn, gbogbo kẹ́ẹ̀gì yẹn, gbogbo àlùbọ́sà tí òun gé tí kò gé tán, ọ̀rọ̀ ẹnu kan péré ni ì bá ti tún un ṣe láti ọjọ́ kìíní. Ìbínú náà ń jà nínú rẹ̀, kò sì rí orí ẹni tí yóò sọ ọ́ lé. Ta ni yóò bínú sí, ọwọ́ tó ń dunni? Ó dìde, ó tẹ́ aṣọ ibùsùn mímọ́ náà, ó tẹ́ ẹ le ju bó ṣe yẹ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó gbé ìjókòó ike kan sínú ọpọ́n fífẹ̀ náà, ó gbé ààbọ̀ garawa omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó lọ mú Ìyá àgbà wá. Àdéhùn kan ni wọ́n jọ ṣe: Ìyá àgbà á kọjú sí ògiri, Alágbàfọ̀ kò sì ní sọ ọ̀rọ̀ kankan tí ó jẹ mọ́ ara wọn. Wọ́n jókòó, wọ́n le gbagidi bí pákó. Alágbàfọ̀ bu omi sí wọn léjìká, ó pa ọṣẹ sí kànrìnkàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹ̀yìn wọn. Ọwọ́ tí ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é jẹ́jẹ́.

“Rọra,” Ìyá àgbà sọ fún ògiri. “Ẹ̀yìn ènìyàn ni, kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Ṣé o tún fẹ́ fún mi kí o sá mi sóòrùn ni?”

Alágbàfọ̀ rẹ́rìn-ín, ara Ìyá àgbà sì dẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, omi ṣì kù nísàlẹ̀ garawa. Omi ọṣẹ inú ọpọ́n kún tọ́yílẹ́ẹ̀tì. Bí a bá ń sọ ti omi nìkan, wọ́n ti borí.

Ṣùgbọ́n omi kọ́ ni gbogbo ayé. Ìwẹ̀ àárọ̀ yìí ń gba àkókò. Àgbà kò ṣe é kán lójú, orúnkún wọn kò ṣe é sáré tẹ̀. Alágbàfọ̀ wá di ẹni tó ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ọ̀gá àwọn alágbàfọ̀ sì ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọwọ́ níbàdí. Ó ṣàlàyé fún un lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀gá náà ní olúkúlùkù ló ní ìyakọ. Ìwẹ̀ alẹ́ sì tún ń dúró dè é bó bá délé, pẹ̀lú ẹ̀yìn kan náà tó fi fún aṣọ.

Ó bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó wá ẹ̀rọ tó ní ọwọ́ gígùn, èyí tí ìgbọ̀nwọ́ lè tì sókè tì sílẹ̀, kí Màmá lè máa ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀ fúnra wọn. Irú rẹ̀ pọ̀ nílé ìwòsàn, àwọn dókítà ni wọ́n ṣe é fún. Bíríkìlà ní kò le rárá. Ó kọ́kọ́ gbàgbé. Ó tún gbàgbé. Nígbà tó wá rà á dé, ẹnu rẹ̀ kò bá páìpù mu, ó sì gbé e sórí fèrèsé balùwẹ̀ títí ìgbà tí yóò fi lọ pààrọ̀ rẹ̀. Ó ń kọ́ ilé fún gbogbo ayé, balùwẹ̀ tirẹ̀ ń wò ó. Ní ti ẹ̀rọ àtijọ́, Alágbàfọ̀ ní kó dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ó dẹ̀ ẹ́. Ó ti ń kán báyìí, wọ́n sì gbé ife kan sábẹ́ rẹ̀.

Èyí tó burú jù ni pé Bíríkìlà ti rí i pé omi ń ṣẹ́ kù nínú táǹkì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Alágbàfọ̀ wà nídìí iná, ó gbọ́ ìró tó ti gbàgbé: ṣáwà ń dà ṣàà, ẹnì kan sì ń súfèé lábẹ́ rẹ̀. Ó ju ọ̀bẹ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá ìlẹ̀kùn balùwẹ̀ títí súfèé náà fi dúró.

“Omi Màmá ni ò ń wẹ̀ yẹn,” ó ní.

Ọkùnrin náà ní ó kù díẹ̀. Ìyá àgbà gbọ́ láti yàrá wọn, wọ́n ní kí ó fi ọmọ àwọn sílẹ̀ o, sìmẹ́ńtì kì í tètè bọ́. Ó ká Alágbàfọ̀ lára, ó lọ mú ọ̀bẹ rẹ̀ nílẹ̀, ó sì padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀.

Òjò kò tíì rọ̀. Wọ́n tún ti dín ọjọ́ omi kù sí i, ìlà ìkóríta sì ti gùn kọjá ṣọ́ọ̀bù onígáàsì. Lánàá yìí, bí Alágbàfọ̀ ṣe ṣan ara Ìyá àgbà tán, tó fẹ́ nà wọ́n ní táwẹ̀ẹ̀lì, wọn kò dìde. Wọ́n ní kí ó bu ike omi kan sí i, kó dà á sí àwọn lórí, kó jẹ́ kó ṣàn wálẹ̀ lásán. Alágbàfọ̀ ní ara wọn ti mọ́, omi ti tán.

“Mo ń rí i nísàlẹ̀ garawa,” Ìyá àgbà ní, wọn kò yíjú kúrò lára ògiri.

Omi tó kù yẹn ni Alágbàfọ̀ fẹ́ fi bọ́jú kó tó sáré lọ síbi iṣẹ́. Ó dúró, ó mí kanlẹ̀, ó wo ẹ̀yìn orí funfun náà. Ó tẹ garawa, ó bu gbogbo rẹ̀, ó sì dà á sí wọn lórí.